Jíjẹ Oyè, Jíjẹ Gbèsè

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, ó dá mi lójú pé o ti bá ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan jìjàkadì rí, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní take. Ní ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni mú, ìwọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí o fi rí i nínú ìwé pé oògùn pàápàá, take ni wọ́n ń take é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe mímú lọ́wọ́ lásán ni a fi ń lo oògùn. O tún rí i pé wọ́n ń take ìbúra, wọ́n ń take àkókò, wọ́n ń take ìdánwò, wọ́n tilẹ̀ ń take ìbínú. Ẹni tí a bá sì yàn sí ipò gíga, take ni òun náà yóò take ipò rẹ̀. Nígbà náà ni o bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní òótọ́ nínú, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ń wọ ẹ̀wù mẹ́wàá.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, mo gbọ́ ìráhùn yìí títí ó fi sú mi. Ìdáhùn kan náà ni mo máa ń fún àwọn ọmọ, pé kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kì í kúrò lẹ́nu ìyá wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni jẹ.

À ń jẹ iyán, à ń jẹ àkàrà. Èyí kò fẹ́ àlàyé. Ṣùgbọ́n ikán ń jẹ òrùlé, ọkọ̀ ń jẹ epo, ọmọ ilé-ìwé sì ń jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́. Bí ọmọ ayò bá pé méjì tàbí mẹ́ta ní ojú ọpọ́n ẹni tí a jọ ń ta á, a ó jẹ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ayò kò ní adùn lẹ́nu. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú a máa jẹ ogún. Ẹni tí ó ṣòwò tí ó rí àlékún a máa jẹ èrè. Bí ẹni méjì bá dé iwájú adájọ́, ọ̀kan a jẹ àre, èkejì a jẹ ẹ̀bi. Ẹni tí ó yá owó tí kò tíì san án jẹ gbèsè. Ẹni tí ojú ń pọ́n ń jẹ ìyà, ẹni tí ó rọ̀ lọ́rùn fún ń jẹ ayé, ẹni tí ìlú sì fi ṣe olórí jẹ oyè. A ti sọ púpọ̀ nínú wọn di ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ń pe jogún, jèrè, jàre, jẹ̀bi, jìyà, jayé, joyè àti jọba, ahọ́n wa sì ti mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí etí wa kò fi gbọ́ jíjẹ nínú wọn mọ́.

Má ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ jẹ́ olóhùn òkè. Jẹ́ tí a fi ń jẹ́ orúkọ, tí a fi ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wa, tí a sì fi ń jẹ́rìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹ̀ olóhùn ìsàlẹ̀, èyí tí í ṣe ti ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ń jẹ̀ kiri. Olóhùn àárín ni tiwa. Ẹni tí kò bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn lórí ìwé, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í fojú fo ó fún ọmọ tí ó bá fi àmì sílẹ̀ nínú ìdánwò.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí okùn kankan tí ó so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan fún gbèsè, ó ní òmíràn fún ogún, ó tún ní òmíràn fún oyè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó rí okùn náà. Àwọn Haúsá ń pe jíjẹ ní ci. Ci náà ni wọ́n ń lò fún gbèsè àti fún ogún, ológun tí ó ṣẹ́gun ìlú jẹ ìlú náà, ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò jẹ ìdánwò, ẹni tí ó sì da ẹni tí ó fọkàn tán an, wọ́n á ní ó jẹ àmánà. Ní ilẹ̀ Gánà, ọ̀rọ̀ tí àwọn Akan fi ń jẹ oúnjẹ ni wọ́n fi ń jẹ ọba. Ní Ùgáńdà, nígbà tí Kábákà bá gun orí ìtẹ́, wọ́n á ní ó ti jẹ Buganda. Bí ènìyàn tí kò gbé nítòsí ara wọn, tí èdè wọn kò sì jọra, bá pàdé nídìí ọ̀rọ̀ kan báyìí, ó yẹ kí a dúró, kí a bèèrè ohun tí wọ́n rí.

Èrò tèmi nìyí. Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ gba ipò, Yorùbá fi ẹnu gbà á. Ohun tí ọwọ́ mú, ọwọ́ lè gbé e kalẹ̀ bí ó bá wúwo. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn jẹ ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, ó ti di ẹran ara rẹ̀, kò sí ibi tí yóò gbé e kalẹ̀ sí. Ajẹgbèsè lè sá kúrò ní ìlú, gbèsè yóò bá a wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó jẹ̀bi lè pa aṣọ dà, ẹ̀bi rẹ̀ wà lábẹ́ aṣọ tuntun. Wo bí ó ti rí ní Àkúrẹ́. Bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni wọ́n máa ń fi sí ipò náà títí ọba tuntun yóò fi jẹ. Yóò múra bí ọkùnrin, yóò jókòó níbi tí ọba ń jókòó, àwọn ìjòyè yóò sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀ a kì í sọ pé ó jọba. Adelé ni à ń pè é, nítorí pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ tí yóò sì máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ, ti ẹni tí kò ní gbé e kalẹ̀ ni. Ìjọba lè rọ ọba lóyè, bí a ti rí i ní ilẹ̀ wa rí, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò lè pọ̀ ọ́.

Àwọn kan a máa sọ pé jọba ti inú ètùtù ààfin àtijọ́ wá, èyí tí ọba tuntun fi ń tọ́ nǹkan wò nínú ara ẹni tí ó ti wàjà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà, mo sì ti kà á, n kò gbà á gẹ́gẹ́ bí orírun ọ̀rọ̀ náà. Baálẹ̀ abúlé náà ń jẹ, ìyálọ́jà náà ń jẹ, wọn kò sì ṣe irú ètùtù bẹ́ẹ̀. Ajẹgbèsè pàápàá ń jẹ, òun kò sì tọ́ ara ẹnikẹ́ni wò.

Àbí ó tọ́ ọ wò? Dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa ti jinlẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo jẹ gbèsè, gbèsè ni mo jẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ pé mo jẹ Òjó ní ẹgbẹ̀rún náírà, ta ni mo jẹ? Òjó ni. Orúkọ rẹ̀ ni ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, gẹ́gẹ́ bí iyán ti ń tẹ̀lé e. Owó náà ni ọ̀nà tí mo gbà jẹ ẹ́. Àwọn baba wa tí wọ́n dá gbólóhùn yìí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá di owó aláìní mú ti bù ú jẹ lápá kan: àkókò tí aláìní náà fi ṣiṣẹ́ owó náà, oúnjẹ tí owó náà ì bá fi wọ ilé rẹ̀, oògùn tí ì bá fi ra.

Ìyà tún ní tirẹ̀. A lè sọ pé mo jẹ ìyà. A sì lè sọ pé ìyà jẹ mí. Gbólóhùn méjèèjì tọ̀nà, ohun kan náà sì ni wọ́n wí. Nínú ọ̀kan èmi ni mo ń jẹun, nínú èkejì èmi ni oúnjẹ. Wá gbólóhùn mìíràn tí ó lè yí padà báyìí, o kò ní tètè rí i. Bí ajá bá jẹ egungun, a kì í sọ pé egungun ni ó jẹ ajá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ìyà a kò mọ ẹni tí ó wà lórí tábìlì. Olùkọ́ tí ó bá sì na ọmọ, a ní ó fi ìyà jẹ ẹ́.

Àwọn àgbà tilẹ̀ sọ yíyí padà yìí di ohun tí ojú lè rí. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, pé bí gbèsè bá pẹ́ jù lọ́rùn ènìyàn, ẹni tí ó ni owó lè bẹ ológò lọ́wẹ̀ láti dógò tì í. Ológò yóò wọ ilé ajẹgbèsè, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ bí ẹni pé òun ni baálé. Bí ó bá rí adìẹ nínú àgbàlá yóò mú un pa, kò sì ní kúrò títí wọn yóò fi wá owó náà. Ẹni tí ó jẹ ènìyàn ti di ẹni tí à ń jẹ. Gbogbo àdúgbò ń wò ó.

Ọ̀nà kejì ni ìwọ̀fà. Ẹni tí ó yá owó yóò máa lọ ṣiṣẹ́ ní oko ẹni tí ó yá a, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ tàbí àbúrò rẹ̀ sí ipò ara rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó. Èlé lásán ni iṣẹ́ náà dúró fún. Bí ó sin ín ní ọdún kan, bí ó sin ín ní ọdún mẹ́wàá, iye tí a yá ṣì wà bí ó ti wà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de àṣà yìí, kò sì parẹ́ lọ́jọ́ kan. Ronú nípa ọmọdé tí ó wà ní oko olóko ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí kò yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n fi owó náà rà. Bàbá ni ó jẹ gbèsè. Gbèsè sì jẹ ọmọ.

Nígbà náà, ìwọ òǹkàwé mi, kí ni kí a sọ nípa oyè? Bí ó bá jẹ́ pé nínú gbèsè ẹnìkan wà tí à ń jẹ, tí ó sì jẹ́ pé nínú ìyà ẹni tí ń jẹ àti ẹni tí à ń jẹ lè gba ipò ara wọn, ta ni à ń jẹ nígbà tí a bá jẹ oyè?

Ìdáhùn tí ó rọrùn jù ni pé ìlú ni. Ìtàn ilẹ̀ wa sì fi hàn pé àwọn kan gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ìbàdàn ti borí ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n a máa rán ajẹ́lẹ̀ lọ jókòó sí àwọn ìlú wọ̀nyí, láti gba ìṣákọ́lẹ̀ àti láti ṣe ojú olúwa rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn gbà. Wọ́n wọ agbo ẹran onílé, wọ́n wọ oko olóko, obìnrin kò sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1878, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fábùnmi kọlu ajẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì pa wọ́n. Láti ibẹ̀ ni Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn ìlú mìíràn ti parapọ̀ sí Ìbàdàn, ogun tí a ń pè ní Kírìjì nítorí ìró ìbọn rẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 sì ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Àwọn tí wọ́n jẹ ìlú rí bí ìlú ti ń jẹni.

Lóde òní àwọn ènìyàn ti fi ọ̀rọ̀ dárà. Ẹni tí ń ṣe ètò ìlú ni òṣèlú. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ tán tí ó ń kó owó ìlú jẹ, wọ́n ní kì í ṣe òṣèlú, ọ̀jẹ̀lú ni. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ó sì mú bí abẹ. Ìjọba dá àjọ ICPC sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó dá EFCC sílẹ̀ ní ọdún 2003, kí wọ́n lè máa mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè mú òwe, òwe kan sì wà tí àwọn ọ̀jẹ̀lú fi ń bo orí. Òwe náà ni pé ibi tí a bá ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ.

Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu akọ̀wé ọ́fíìsì tí kò fẹ́ wá fáìlì olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, àfi bí olùkọ́ náà bá kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ẹsẹ Bíbélì, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹ jẹ́ kí a fi gíráámà bi í ní ìbéèrè. Òwe náà ní ibi iṣẹ́ ni a ti ń jẹ. Kò ní iṣẹ́ ni kí a jẹ. Àgbẹ̀ ń jẹ ní oko, ṣùgbọ́n kò jẹ ọkọ́ rẹ̀, kò sì jẹ èbù iṣu tí yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀. Alápatà ń jẹ nídìí ẹran, bẹ́ẹ̀ ni kò bù lára ẹran tí oníbàárà ti san owó rẹ̀. Owó oṣù ni akọ̀wé náà ń jẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó gbà lọ́wọ́ arúgbó náà kì í ṣe oúnjẹ ibi iṣẹ́. Arúgbó náà ni ó jẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe lè jẹ Òjó ní ẹgbẹ̀rún náírà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé èmi mọ̀ pé mo jẹ gbèsè, akọ̀wé náà sì rò pé òun jèrè.

Ìwọ náà lè sọ pé, bàbá, ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà ni èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì rẹ, wọ́n yan ẹnìkan ṣe olórí, wọ́n sì ní kí ó gba náírà igba lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà ìwé tí olùkọ́ fún wọn. Ogójì ọmọ san án. Iṣẹ́ náà ná ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ẹgbẹ̀rún méjì sì ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tí ó bèèrè. Olórí kíláàsì náà ti rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ẹ̀dà lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn, kò sì sí ẹni tí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kò lè fi ẹgbẹ̀rún méjì náà ra ohun tí yóò fi tu ọ̀fun? Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìbéèrè yìí, ìdajì máa ń sọ pé ó tọ́ sí i, nítorí pé ó ṣe làálàá. N kì í bá wọn jà lórí làálàá rẹ̀. Mo máa ń béèrè pé, bí ó bá tọ́ sí i, kí ni ó dé tí kò fi lè dúró níwájú kíláàsì kí ó sọ pé, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹgbẹ̀rún méjì ṣẹ́ kù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ṣe owó ẹsẹ̀ fún mi? Bí ó bá bèèrè tí wọ́n fún un, ó jẹ ẹ̀bùn. Bí ó bá dákẹ́ tí ó ná an, ogójì ènìyàn ni ó jẹ, ní àádọ́ta náírà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó kan náà ni. Ẹnu tí a fi bèèrè ni ó yà wọ́n.

Má rò pé kò sí ẹni tí ó jẹ oyè ní ilẹ̀ wa tí kò jẹ ìlú. Mo fẹ́ kí o mọ Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní ọdún 1908. Olùkọ́ ni. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ ní St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́, ó dé Fourah Bay ní Sierra Leone, ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wá ṣe ọ̀gá àgbà ní Imade College ní Ọ̀wọ̀ fún ọdún púpọ̀. Ó wà lára àwọn tí wọ́n fi èrò wọn kọ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955. Ní ọdún 1979 ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Èkìtì ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì wà lórí oyè ní Àkúrẹ́ títí di ìparí ọdún 1983. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà wọ́n kéde pé ẹlòmíràn ni ó borí rẹ̀ nínú ìdìbò. Ìgboro Àkúrẹ́ dàrú, iná jó ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò, kí ilé-ẹjọ́ tó dá Ajásin láre. Kò pẹ́ tí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ wọn bí wọ́n ti gbé àwọn gómìnà mìíràn lọ. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọn kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò tètè tú u sílẹ̀.

Kíyè sí i bí ọ̀rọ̀ wa ti yí ọkùnrin yìí ká. Ó jẹ oyè, ó jẹ àre, ó sì jẹ ìyà. Gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ìyà tí ó jẹ kì í ṣe owó ẹ̀bi kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé olódodo kì í jìyà, ó ń tàn ọ́ ni. Mo sì rò pé ó burú kí a máa sọ ọ́ fún ọmọdé, nítorí pé ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá rí olódodo tí ń jìyà, yóò ju òdodo nù pẹ̀lú irọ́ tí a pa fún un. Ajásin padà sí Ọ̀wọ̀, ó sì kú ní ọdún 1997. Yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá-Àkókó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa gbèsè àti oyè títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ogún sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ogún ni ó kan ìlú tèmi jù. Àwọn àgbà wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, oko ni ó pọ̀ jù ní àyíká Ọ̀bà-Ilé wa: kòkó, obì, ọ̀pẹ. Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbòòrò. Pápákọ̀ òfurufú dé sí ọ̀dọ̀ wa, àwọn ilé ìjọba dé, àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò kọ́ ilé sí. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ gbogbo ìpínlẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa àwọn ẹbí kò dẹ́kun títa á. Lọ́jọ́ tí mo bá rìn jáde, mo máa ń ka iye oko kòkó tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ti di ilé. Àkúrẹ́ ti jẹ oko wa. Tàbí kí n sọ ọ́ dáadáa: àwa ni a bu oko wa fún Àkúrẹ́ jẹ.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó ta ilẹ̀ ti ṣẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n ta ilẹ̀ tí wọ́n fi owó rẹ̀ tọ́ nọ́ọ̀sì àti ẹnjiníà. Mo sì mọ àwọn tí wọ́n fi tiwọn ra ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì ti di àkísà irin kí koríko tó hù lórí sàréè bàbá wọn. Àwọn méjèèjì ni a ní wọ́n jogún. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, nínú ọ̀rọ̀ jogún, ta ni à ń jẹ? Ní ọdún 1912, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìjòyè kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ẹlẹ́sìí ti Òdogbolú, sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ni ó ni ilẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì níye. Bí ohun tí ó wí bá jẹ́ òótọ́, nígbà náà ẹni tí ó ta ilẹ̀ ẹbí jẹ àwọn kan ní owó, wọn kò sì tíì ní ẹnu tí wọn yóò fi sìn ín. Kò sí ológò tí wọ́n lè bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Ẹbí mìíràn ń rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n ń ta ìdajì, wọ́n ń fi ìdajì sílẹ̀. Tàbí kí wọ́n yá ilẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ tí ń fọ ọkọ̀ àti alátùn-únṣe, kí wọ́n máa gba owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa pín in bí a ti ń pín owó kòkó. Ó ń fa ìjà díẹ̀díẹ̀ ní ìpàdé ẹbí, nítorí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò ní, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan, lọ. Jókòó sí ẹ̀yìn àwọn àgbà, kí o sì fetí sí ẹni tí ó bá dárúkọ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Ní ẹ̀yìn ògiri tuntun kan ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, pèrègún kan ṣì wà ní ìdúró, èyí tí àwọn méjì kan gbìn sí ààlà oko wọn kí n tó mọ ìwé kà. Àwọn tí ń gbé inú ilé náà kò mọ ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀. Okùn aṣọ ni wọ́n so mọ́ ọn.